Ọgbà Àwọn Ọmọdé: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Jámánì Kan

Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òtítọ́ ni òwe yìí nípa Kindergarten, ọ̀rọ̀ Jámánì tí ó ti di ti gbogbo ayé.

Ọ̀rọ̀ méjì ni a so pọ̀ nínú rẹ̀. Kind ni ọmọ. Bí ó bá ju ọ̀kan lọ, ó di Kinder. Garten ni ọgbà. Àwọn ará Jámánì pín ọ̀rọ̀-orúkọ wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: akọ, abo, àti èyí tí kì í ṣe akọ tí kì í sì í ṣe abo. Ìpín kẹta ni ọmọ wà, das Kind. Akọ ni ọgbà, der Garten. Nígbà tí irú ọ̀rọ̀ méjì bẹ́ẹ̀ bá pàdé, ti ìkẹyìn ni olórí. Nítorí náà der Kindergarten ni wọ́n ń wí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ni die Kindergärten. Tiwa yàtọ̀: nínú “ọgbà ọmọdé”, ọ̀rọ̀ ìṣáájú ni olórí.

Olùkọ́ kan, Friedrich Fröbel, tí a bí ní 1782, ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ní 1837 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ kékeré ní ìlú Blankenburg. Bọ́ọ̀lù, igi gbígbẹ́, orin àti ìtọ́jú ewéko ni ó fi ń kọ́ wọn. Ní 1840 ó sọ iṣẹ́ náà ní Kindergarten, nítorí pé lójú rẹ̀ irúgbìn ni ọmọ, olùtọ́jú ọgbà sì ni olùkọ́.

Ìjọba Prọ́ṣíà kò gba ti èyí. Ní 1851 wọ́n fi òfin de àwọn ọgbà náà, wọ́n ní ẹ̀kọ́ àìgba-Ọlọ́run-gbọ́ ni. Ìwé tí Karl, ọmọ ẹ̀gbọ́n Fröbel, kọ wà lára ohun tí ó fa àṣìmú náà. Fröbel kú ní 1852, òfin náà kò sì ká títí di 1860. Ṣùgbọ́n irúgbìn ti fò kọjá odi: ní 1856 Margarethe Schurz ti ṣí ọ̀kan sí Watertown ní Amẹ́ríkà.

Yorùbá ń pe irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Orúkọ yìí ń wo ìyá tí ó fẹ́ simi díẹ̀. Ti Fröbel ń wo ọmọ tí ó ń hù. Kò sí èyí tí ó purọ́ nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò bi ara rẹ̀ léèrè lójoojúmọ́ pé: bí ilé bá ti sinmi, ọgbà ńkọ́?