Ọjọ́ Ikú, Ọjọ́ Ère: Ojú Òkú nínú Ìsìnkú ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Ọ̀wọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò ni pé: bí a bá ti dère, ojú wo ni ère náà ń pa mọ́? Ṣé ojú ọjọ́ ikú ni, tàbí ojú ìgbà ayé?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni ó wà láàárín ikú Ọba Edward Kejì àti ìsìnkú rẹ̀ ní 1327. Òkú kò lè dúró de ayẹyẹ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbẹ́ ère igi, tí wọ́n sì wọ̀ ọ́ láṣọ ọba, kí ó dípò òkú. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún Edward Kẹta ní 1377. Ère tirẹ̀ ṣì wà ní Westminster Abbey. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ti ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù. Èyí ni àwọn onímọ̀ fi gbà pé láti ojú òkú gan-an ni a ti mú àwòrán náà.

Ní Ọ̀wọ̀, àkó ni a ń gbẹ́ fún ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì àwọn ènìyàn pàtàkì, lẹ́yìn tí òkú ti wọlẹ̀. Ère igi tí ó tó ènìyàn ní títóbi ni. A ó wọ̀ ọ́ ní aṣọ tí ó níyì, a ó sì gbé e yí ìlú ká. Irú èyí ni a ṣe fún ìyá Ọlọ́wọ̀ Ọlátẹ́rù Ọlágbègí Kejì ní àwọn ọdún 1940. Àkó gbọ́dọ̀ jọ olóògbé, ṣùgbọ́n ojú àti ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó mú ìjọra náà wá. Ìgbà iyì ni a sì fi hàn, kì í ṣe ìgbà àìsàn.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ní 1966, Frank Willett dá a lábàá pé ó ṣeé ṣe kí àwọn orí idẹ Ifẹ̀ ti wúlò nínú irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀. Bí a bá gba àbá náà rò, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ pé ojú tí ó jọ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì jẹ́ ojú òkú tí a dà kọ. Àkó ti fi hàn pé iṣẹ́ ọnà nìkan tó bẹ́ẹ̀ í ṣe.