Igi Iré, Táyà Tó Jò àti Ọgbẹ́ Tí Ìbàdàn Gbàgbé

Láti Bẹyẹrúnká títí dé Ọjà'ba, kò sí ẹni tó ń wa ọkọ̀ tàbí tó ń gun ọ̀kadà tí kò mọ ìyọnu ìṣó. Páànù orí àwọn ilé àtijọ́ ti dípẹtà, ìṣó ń já bọ́ lára wọn. Àwọn káfíńtà ń tún òrùlé ṣe, àwọn oníwẹ́dà ń gé irin lẹ́bàá títì, òjò sì ń gbá gbogbo rẹ̀ wá sójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí fọkanáísà kò fi wọ́n ní oríta Bẹẹrẹ àti ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó, pẹ̀lú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, jáàkì àti agbada omi tó ti dúdú.

Ohun mìíràn ti wá wọ ọjà báyìí. Omi kan ni, tó ki bí ẹ̀kọ mímu, tí wọ́n ń tà nínú ike. Wọ́n ń rọ ọ́ sínú táyà láti ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí ìṣó bá gún táyà náà, omi yìí yóò sáré dí ihò, ọkọ̀ yóò sì máa lọ. Ní ìlú òkèèrè, àwọn tó ń wa katakátá nínú oko àti àwọn tó ń gun alùpùpù nínú igbó wà lára àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ, nítorí ẹ̀gún àti kùkùté kì í jẹ́ kí táyà wọn sinmi, fọkanáísà kò sì sí níbi tí wọ́n ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ike yìí ni kò mọ̀ pé oje igi rọ́bà wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ̀ pé ìgbà kan wà tí ayé ń wá irú oje yìí wá sí igbó Ìbàdàn kò sì tó nǹkan. Ó ti tó nǹkan bí 130 ọdún sẹ́yìn.

Igi tó ń wo ara rẹ̀ sàn

Igi iré ni orúkọ igi náà. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Funtumia elastica. Igi igbó ńlá ni, ó lè ga tó mítà 30. Bí ohun kan bá dá ọgbẹ́ sí èèpo rẹ̀, oje funfun bíi wàrà yóò sun jáde, yóò dì, yóò sì bo ojú ọgbẹ́ náà kí kòkòrò àti àrùn má bàa ráyè wọlé. Iṣẹ́ tí Elédùmarè fún oje náà lára igi nìyẹn. Ohun tí omi inú ike ń ṣe lónìí nínú táyà, igi iré ti ń ṣe é fún ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ táyà.

Àwọn Yorùbá kò ṣàìmọ agbára oje igi. Oje ni àwọn ọdẹ àti ọmọdé fi ń ṣe àtè tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ka igi iré sí igi owó, títí di ìgbà tí ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìlú òkèèrè.

Ní 1888, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹranko kan ní ìlú Belfast, fi rọ́bà ṣe táyà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Ẹlòmíràn, Robert William Thomson, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní 1845, ṣùgbọ́n ayé kò tíì ṣe tán láti lò ó nígbà náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ayé ti ṣe tán. Kò pẹ́ tí kẹ̀kẹ́ fi gba ìgboro Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kan, tí rọ́bà sì di ohun tí gbogbo oníṣòwò ń wá kiri. Àwọn kan lọ sí Bràsíìlì. Ní ilẹ̀ Kóńgò, lábẹ́ Ọba Leopold ti Bẹ́ljíọ̀mù, ipá àti ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń gba rọ́bà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Àwọn mìíràn kọjú sí igbó ilẹ̀ Yorùbá.

Ogun tán, igbó kàn

Àkókò náà bá Ìbàdàn ní ìyípadà. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ká tán ní 1893 ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni àwọn ìjòyè Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú George Denton, adelé Gómìnà Èkó. Ìlú tó jẹ́ pé ogun ni wọ́n fi dá a sílẹ̀, tí ogun sì ń bọ́, wá di ìlú tí kò gbọdọ̀ jagun mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn sọ pé àwọn ará Góòlù Kóòsì, tó ti mọ iṣẹ́ rọ́bà ṣáájú, wà lára àwọn tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dá igi iré lọ́gbẹ́.

Ìṣirò ìjọba fi bí òwò náà ṣe yára tó hàn. Ní 1894, rọ́bà tó gba etíkun Èkó jáde kò tó 6,000 pọ́n-ùn ìwọ̀n. Ní 1895, ó ti ju mílíọ̀nù 5 lọ. Ní 1896, ó ju mílíọ̀nù 6 lọ. Bí ọkùnrin kan bá ní àdá àti ìgboyà láti sùn nínú igbó, ó lè fi oṣù díẹ̀ rí owó tí kò rí rí láti ọjọ́ tó ti ń tẹ̀ lé balógun kiri.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà kò le. Wọn yóò fi ọ̀bẹ la èèpo igi láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, wọn yóò tún la ojú kéékèèké láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá bá ojú ńlá náà, gẹ́gẹ́ bí odò kéékèèké ṣe ń ṣàn bọ́ sínú odò ńlá. Oje yóò ṣàn wá sínú igbá nísàlẹ̀. Àwọn kan a máa sè é lórí iná títí yóò fi dì. Àwọn mìíràn a gbẹ́ ihò sára ìtì igi tó ti ṣubú, wọn a da oje sínú rẹ̀, wọn a fi ewé ọ̀pẹ bò ó fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kó lè dì fúnra rẹ̀.

Oje tí igi fẹ́ fi dí ọgbẹ́ ni wọ́n ń gbà lọ. Bí wọ́n bá la igi lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi, yóò jiná. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró? Bí ẹni àkọ́kọ́ bá fi igi sílẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò tún un là. Wọ́n la igi kékeré, wọ́n la igi ńlá, wọ́n la èèpo jinlẹ̀ dé ara igi gan-an, wọ́n tilẹ̀ gé àwọn mìíràn lulẹ̀ kí oje wọn lè tètè tán. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Kí ọ̀rúndún náà tó parí, èyí tó pọ̀ jù nínú igi iré agbègbè Ìbàdàn ti kú. Ìjọba dá ẹ̀ka tó ń bójú tó igbó sílẹ̀ ní 1897, wọ́n sì ya igbó Olókemèjì sọ́tọ̀ ní 1899, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Èso igi rọ́bà Bràsíìlì tí Henry Wickham kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1876 ti hù ní ilẹ̀ Éṣíà, rọ́bà oko sì borí rọ́bà igbó nígbà tó yá. Àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn kọjú sí kòkó. Ìtàn igi iré wọ inú ìwé lọ, kò sì sí lẹ́nu ọmọ ìlú mọ́.

Oje náà padà wálé

Ṣùgbọ́n rọ́bà kò jìnnà sí Ìbàdàn pẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Láti 1906 ni ìjọba ti ń ṣe ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Nígbà tí wọ́n fi ṣí Gbọ̀ngàn Màpó ní 1929, ọlọ́rọ̀ Ìbàdàn bíi Sàlámì Àgbájé ti ń ṣe òwò mọ́tò akẹ́rù. Rọ́bà tó jáde kúrò nínú igbó gẹ́gẹ́ bí oje wá padà gẹ́gẹ́ bí táyà, owó rẹ̀ sì ti gbẹ́nu sókè.

Ibi tí táyà bá dé, ẹni tí yóò máa lẹ̀ ẹ́ kò ní ṣàì dé. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1839, ará Amẹ́ríkà kan, Charles Goodyear, rí i pé bí èèyàn bá po rọ́bà mọ́ imí ọjọ́ tó sì fi iná sí i, kì í yọ́ nínú oòrùn mọ́, kì í sì í le gan nínú òtútù. Wọ́n fi orúkọ Vulcan pe iṣẹ́ náà, òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́. Láti ibẹ̀ ni orúkọ fọkanáísà ti wá. Ẹni tó bá rí fọkanáísà tó ń bọ Ògún ní Ọjà'ba kò gbọdọ̀ yà á lẹ́nu: òrìṣà alágbẹ̀dẹ ni wọ́n fi sọ iṣẹ́ náà lórúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ fọkanáísà ní ìlànà. Yóò fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, yóò tú ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò fi irin ṣí táyà kúrò lára rìmù, yóò fa túbù jáde, yóò fẹ́ ẹ, yóò sì tì í bọ inú agbada omi. Ibi tí omi bá ti ń hó ni ihò wà. Yóò sàmì sí i, yóò ha ojú ibẹ̀, yóò fi sọlúṣọ̀n pa á, yóò jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, yóò wá lẹ rọ́bà mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ lílẹ̀ oníná ni, yóò fi irin dì í mú, yóò sì dáná sí i kí rọ́bà méjèèjì lè di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kó tó dá túbù padà, yóò fi ọwọ́ tọ inú táyà yíká láti wá ìṣó tó ṣe iṣẹ́ náà. Bí kò bá yọ ìṣó yẹn, asán ni gbogbo làálàá rẹ̀.

Ohun tí omi inú ike lè ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe

Omi adíhò wúlò ní àyè tirẹ̀. Bí táyà bá ti ń yí, omi náà yóò tàn ká inú rẹ̀. Bí ihò bá ṣí, afẹ́fẹ́ tó ń jáde yóò ti omi náà síbẹ̀. Àwọn fọ́nrán àti ẹ̀rún rọ́bà inú rẹ̀ yóò há sí ihò náà, oje yóò dì mọ́ wọn. Fún katakátá, bárò àti alùpùpù tó ń rìn jẹ́jẹ́ nínú oko, ìrànlọ́wọ́ ńlá ni.

Ṣùgbọ́n kò lè dí ihò tó bá ju bí ìṣó ṣe ń lu ni lọ. Kò ṣeé gbára lé bí ẹ̀gbẹ́ táyà bá ya. Bó bá pẹ́ nínú táyà, yóò gbẹ. Nínú ọkọ̀ tó ń sáré lọ́nà márosẹ̀, ó lè jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa gbọ̀n. Fọkanáísà tó bá sì fẹ́ lẹ táyà náà lẹ́yìn ìgbà yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nù ún mọ́, nítorí rọ́bà kì í lẹ̀ mọ́ ibi tó tutù. Èyí tó léwu jù ni pé ìṣó lè wà nínú táyà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kó máa jẹ okùn inú rẹ̀, kí awakọ̀ máa rò pé àlàáfíà wà nítorí afẹ́fẹ́ kò jò. Omi adíhò kò sì lè sọ táyà ògbólógbòó di tuntun. Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹni tó bá ra táyà tókunbọ̀ láìwo nọ́ńbà yìí, kó má gbẹ́kẹ̀ lé ike.

Ìṣó tó ṣì wà nínú táyà

Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti gbìyànjú rí láti ṣe táyà tirẹ̀. Michelin dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Port Harcourt, Dunlop dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkẹjà, lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè yìí gba òmìnira. Michelin pa iṣẹ́ táyà tì ní 2007. Dunlop tẹ̀ lé e ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Iná mànàmáná tí kò dúró àti táyà olówó pọ́ọ́kú láti òkèèrè wà lára ohun tí wọ́n ní ó fà á. Títí di òní, rọ́bà ń jáde láti oko Ẹdó, Dẹ́tà àti Cross River lọ sókè òkun, táyà sì ń wọlé. Omi tí wọ́n ń fi oje igi ṣe pàápàá, nínú ike ló ń bá ọkọ̀ ojú omi dé.

Ọ̀rọ̀ 1896 kò yàtọ̀ sí tòní. Nígbà náà, oje ni Ìbàdàn ń tà, kò sì bójú tó igi. Lónìí, ihò ni wọ́n ń dí, kò sì sí ẹni tó ń tọ inú táyà wò. Bí ilé iṣẹ́ bá kú, ìjọba yóò fòfin de ọjà òkèèrè. Bí ọjà òkèèrè bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọn yóò fi ẹ̀ṣọ́ kún ẹ̀ṣọ́. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, wọn yóò da yẹ̀pẹ̀ sínú kòtò kí òjò tó tún gbá a lọ. Ohun tó pa ilé iṣẹ́ náà gan-an, wọn kò yọ ọ́. Ète ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá.

Iṣẹ́ fọkanáísà ní oríta Bẹẹrẹ tọ́ sí ọ̀wọ̀ ju èyí tí wọ́n ń fún un lọ. Ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ máa kọ́ ọ, kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń sá fún un nítorí ìdọ̀tí tún rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí rọ́bà ní Iyanomo lẹ́bàá Benin náà rí olówó tí yóò bá wọn sọ oje ilé di ọjà ilé. Igi iré kò parun nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá, bí èèyàn bá sì dá a lọ́gbẹ́ lónìí, oje rẹ̀ yóò ṣì sun jáde láti dí i.