Ta Ni Yóò Kọ́ Nọ́ọ̀sì? Ìtàn Olùkọ́ Iṣẹ́ Ìtọ́jú Aláìsàn ní Yunifásítì

Ní ọdún 1907, Teachers College, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó so mọ́ Yunifásítì Columbia ní ìlú New York, fi obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mary Adelaide Nutting jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n. Òun ni nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé tí ó dé irú ipò bẹ́ẹ̀. Ohun tí yóò ya ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé lẹ́nu ni pé ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kò gba oyè yunifásítì kankan rí. Ìwé ẹ̀rí tí ó ní nínú iṣẹ́ náà ni èyí tí ó gbà ní ọdún 1891 ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, níbi tí ó wà lára ọ̀wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí ó kọ́kọ́ jáde. Bí ó bá mú ìwé náà tọ̀ wá wá lónìí, a kò ní gbà á sí ipò olùkọ́ tí ó kéré jù lọ.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí ìbéèrè kan tí kò tíì tán nílẹ̀ ní àwọn yunifásítì wa. Ta ni ó yẹ kí ó kọ́ni ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn ni, tàbí ẹni tí ó ti pẹ́ nídìí ìwé? Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ìtàn ni mo kọ́, òun náà ni mo sì ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n ìyá mi ṣe iṣẹ́ náà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ṣe àjèjì sí mi.

Nígbà tí Florence Nightingale dá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1860, ìbéèrè yìí kò tíì sí. Àwọn nọ́ọ̀sì àgbà tí ń ṣe àkóso wọ́ọ̀dù ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ, ọ̀nà náà kò sì jìnnà sí ti àgbẹ̀dẹ lọ́dọ̀ wa, níbi tí ọmọ yóò ti máa fi ewìrì fín iná, tí yóò máa wo ọwọ́ ọ̀gá, kí ó tó di ọmọ owú mú. Nígbà tí ọ̀nà yìí dé Amẹ́ríkà ni àbùkù rẹ̀ hàn gbangba. Àwọn ilé ìwòsàn rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Iṣẹ́ gba gbogbo ọjọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ sì di ohun tí a ń fi ìrọ̀lẹ́ ṣe nígbà tí oorun ti ń kun ọmọ. Nutting, tí ó di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ní Johns Hopkins ní ọdún 1894, wà lára àwọn tí ó jà kí a dín wákàtí iṣẹ́ wọn kù, kí a sì fi àkókò kún ẹ̀kọ́ wọn.

Ní ọdún 1899, Isabel Hampton Robb àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rọ Teachers College títí ó fi ṣí ẹ̀kọ́ kan fún àwọn nọ́ọ̀sì tí yóò di olùkọ́ àti alábòójútó. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni wọ́n tọ̀ lọ, wọn kò tọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn lọ. Ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ olùkọ́ ni nọ́ọ̀sì gbà wọ yunifásítì. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi jẹ́ ohun ìyanu fún mi pé kíkọ́ni gan-an ni ohun tí yunifásítì kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí lónìí nígbà tí ó bá ń gbé àwọn olùkọ́ wọ̀nyí ga. Ní ti Nutting, Yale fún un ní oyè ọlá ní ọdún 1922, nígbà tí ó ku ọdún 3 kí ó fẹ̀yìn tì.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1956 ni Yunifásítì Edinburgh ṣí ẹ̀ka fún ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú owó Rockefeller Foundation, tí Elsie Stephenson sì jẹ́ olórí rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Margaret Scott Wright tó di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà ní gbogbo Bìrìtéènì. Òun ní oyè ọ̀mọ̀wé. Nǹkan ti yí padà láàárín òun àti Nutting.

Nílé wa níhìn-ín, ẹni tí a kò lè ṣe aláìdárúkọ ni Kófowórọlá Abẹ́ní Pratt, ọmọ Èkó. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kí ó ṣe nọ́ọ̀sì, nítorí náà iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ kọ́, tí ó sì ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ti CMS ní Èkó. Ní ọdún 1946 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale ní St Thomas'. Nígbà tí ó padà wálé ní ọdún 1954, wọ́n kọ́kọ́ fi ipò ọ̀gá wọ́ọ̀dù dù ú, nítorí pé òyìnbó ni wọ́n fi irú ipò bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún. Ọdún 10 lẹ́yìn náà, ó di mátírọ́ọ̀nù ní UCH ní Ìbàdàn, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jókòó sórí àga náà.

Ní ọdún 1965 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pẹ̀lú ìrànwọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Rockefeller kan náà tí ó ran Edinburgh lọ́wọ́. Àwọn tí ó ti di nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbà, ọdún 3 ni wọ́n fi kọ́ wọn, ète rẹ̀ sì ni pé kí wọ́n lè di olùkọ́ àti alábòójútó. Ifẹ̀ tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó sì ń gba ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní girama.

Ẹ wo bí ọjọ́ olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ti rí. Èmi, bí mo bá ti kọ́ni tán fún wákàtí 2, mo lè wọ yàrá ìkàwé kí n máa tú ìwé àtijọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Òun ní láti wà ní wọ́ọ̀dù ní òwúrọ̀. A kò lè dúró níwájú ọgọ́rùn-ún ọmọ kí a fi ẹnu lásán kọ́ wọn bí a ṣe ń yí aláìsàn tí apá kan ara rẹ̀ ti rọ padà lórí ibùsùn kí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ má baà bó. Ọmọ kan ni, ọwọ́ kan ni, aláìsàn kan ni. Bí àkókò ìgbéga bá wá dé, iye àpilẹ̀kọ tí ó ti tẹ̀ jáde ni a óò kọ́kọ́ kà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka tèmi.

Àwọn ará Amẹ́ríkà gbìyànjú láti là á sí ọ̀nà méjì, ọ̀kan fún àwọn olùwádìí, èkejì fún àwọn tí kíkọ́ni àti ìtọ́jú jẹ́ iṣẹ́ wọn. Ní ọdún 2001, Yunifásítì Kentucky tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oyè ọ̀mọ̀wé tí ó wà fún iṣẹ́ ìtọ́jú fúnra rẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí gbé àwọn kan dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, àdéhùn tí a ń tún ṣe lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni wọ́n fi ń gbà wọ́n, nígbà tí ti olùwádìí jẹ́ títí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Ilé kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹnìkan ni onílé, ẹnìkejì sì jẹ́ ayálégbé.

Èyí tí ó wù mí jù ni ti Rochester. Nígbà tí Loretta Ford di olórí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ní ọdún 1972, òun kan náà ni ó ń ṣe àkóso àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn yunifásítì náà, kí ẹni tí ń kọ́ni má baà ṣe àlejò ní wọ́ọ̀dù. Ẹrù náà wúwo, n kò sì sọ pé gbogbo ènìyàn ni ó lè rù ú. Síbẹ̀, bí dókítà tí ń kọ́ni ní Ìbàdàn ṣe ń ṣe nìyẹn: ó ń kọ́ni ní yunifásítì, ó sì jẹ́ oníṣègùn àgbà ní UCH. A kò bi í pé èwo ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an.

Obìnrin kan wà tí mo mọ̀, ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ dá ìwé ìgbéga rẹ̀ padà nítorí pé àpilẹ̀kọ rẹ̀ kò pé, ó sì fẹ̀yìn tì láìgòkè. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́mọdébìnrin kan ni ó kíyè sí i ní òru pé mímí rẹ̀ ti yàtọ̀, tí ó sì sáré pe dókítà kí ẹ̀rọ tó sọ ohunkóhun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá mi, tí kò lè gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ àní lórí àìsàn, bi í pé, "Ọmọ mi, ta ni ó kọ́ ọ?" Orúkọ obìnrin yẹn ni ó dá.