Ta Ló Ni Ìlù? Orin Àkọtúnkọ, Orin Àgélò àti Ẹ̀tọ́ Onílù Nínú Hip Hop

Láti ọdún 1909 ni òfin Amẹ́ríkà ti gbà pé bí orin kan bá ti jáde nínú àwo, ẹlòmíràn lè tún un kọ, kó sì tà á, láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, bó bá ṣáà ti san iye tí òfin là sílẹ̀. Ẹni tó ni orin kò lè ní òun ò fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gé ìṣẹ́jú àáyá méjì péré nínú àwo kan náà, tó fi sínú orin tirẹ̀, ìyọ̀ǹda ọ̀nà méjì ni yóò wá: ti ẹni tó ni orin àti ti ẹni tó ni àwo. Wọ́n lè kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì lè bu iye tó bá wù wọ́n. Ọ̀nà kejì yìí ni hip hop tọ̀. Àwọn tó ń jiyàn lórí rẹ̀ sábà máa ń béèrè bóyá olè ni tàbí iṣẹ́ ọnà. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni pé iṣẹ́ ta ni òfin ń kà sí iṣẹ́, ta sì ni ó ń wò bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ìlù ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1973, ní 1520 Sedgwick Avenue ní Bronx, Kool Herc tí wọ́n bí ní Kingston ní Jàmáíkà ló ń lu àwo níbi àríyá tí arábìnrin rẹ̀ ṣe. Ó ti kíyè sí i pé ibi tí akọrin bá ti dákẹ́, tó ku onílù, ni àwọn oníjó ti ń gbóná jù. Ó wá ń fi ẹ̀dà méjì àwo kan náà sórí ẹ̀rọ méjì: bí ìlù ti ọ̀tún bá ń parí lọ, á ti dá ti òsì padà síbẹ̀rẹ̀, kí ijó má bàa já. Lọ́dún 1979 tí “Rapper's Delight” gba ìgboro, kì í ṣe ẹ̀rọ ló gé gìtá báàsì “Good Times” ti ẹgbẹ́ Chic sínú rẹ̀. Àwọn olórin ló jókòó ní sítúdíò tí wọ́n ta á bó ṣe wà. Nile Rodgers àti Bernard Edwards fi ẹjọ́ halẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ wọn sára orin náà.

Lẹ́yìn náà, ó yẹ ká retí pé orin àkọtúnkọ á pọ̀ nínú hip hop, bó ṣe pọ̀ nínú sóòlù, níbi tí Aretha Franklin ti gba “Respect” mọ́ Otis Redding lọ́wọ́ lọ́dún 1967 tí kò sẹ́ni tó bú u. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ akọrin, àdúgbò rẹ̀ àti fáàrí rẹ̀ ló kún inú rap. Ẹni tó bá ń kọ ti ẹlòmíràn dà bí ẹni tó ń fi oríkì ìdílé onídìílé ki ara rẹ̀. Ìwọ̀nba ni irú “Lodi Dodi” tí Snoop Dogg kọ lọ́dún 1993 láti bọ̀wọ̀ fún Slick Rick àti Doug E. Fresh. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ṣeé yá, ìlù ṣeé yá: ìlànà àwọn ọmọ hip hop nìyẹn, òfin sì dorí rẹ̀ kodò.

Ẹ wo “Killing Me Softly” tí Fugees ṣe lọ́dún 1996. Ohùn Lauryn Hill tó wà lókè jẹ́ àtúnkọ orin tí Roberta Flack sọ di olókìkí lọ́dún 1973, owó rẹ̀ sì mọ̀nà ilé àwọn tó kọ ọ́, Charles Fox àti Norman Gimbel. Ìlù tó wà nísàlẹ̀ ti inú “Bonita Applebum” ti A Tribe Called Quest wá, àwọn náà sì ti gé lára tiwọn láti inú àwo Rotary Connection. Orin kan, òfin méjì.

Iṣẹ́ wà nínú gígé náà. Nígbà tí SP-1200, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ohùn, jáde lọ́dún 1987, gbogbo ohùn tó lè gbà kò ju bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Ọgbọ́n tí àwọn tó ń ṣe bíìtì ní New York dá ni pé wọ́n á fi àwo tó yẹ kó máa yí ní 33 sórí 45, kí ohùn sáré wọlé, kó má gba àyè púpọ̀; bó bá wọlé tán, wọ́n á dẹ̀ ẹ́ padà. Ìdẹ̀ yẹn ló ń fi èérí díẹ̀ sí i lára, èérí náà gan-an sì ni etí wá ń wá. Wọ́n á ya ìlù ńlá sọ́tọ̀, ìlù kékeré sọ́tọ̀, wọ́n á tún wọn tò. Ẹni tó bá pe èyí ní àdàkọ lásán kò tíì jókòó ti ẹni tó ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n kí á má fi ìyẹn bo ẹ̀gbin mọ́lẹ̀. Ní ẹ̀yìn àwo “Color Him Father” tí The Winstons gbé jáde lọ́dún 1969 ni “Amen, Brother” wà. Láàárín rẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ dákẹ́, Gregory Coleman nìkan lu ìlù fún bí ìṣẹ́jú àáyá méje, ìpín mẹ́rin. Méjì àkọ́kọ́ lọ geere. Ní ìkẹta, ó fa ìlù kékeré sẹ́yìn. Ní ìkẹrin, ó fo ibi tó yẹ kó gbá, ó wá la páànù mọ́lẹ̀ gbàà kí àsìkò rẹ̀ tó tó. N.W.A. lò ó nínú “Straight Outta Compton” lọ́dún 1988, gbogbo orin jungle ní Bìrìtìkó sì fi ṣe òpó ilé. Coleman kú ní Atlanta lọ́dún 2006, kò nílé lórí, kò rí kọ́bọ̀ gbà nínú rẹ̀. Owó £24,000 tí àwọn èèyàn dá jọ fún Richard Spencer, olórí ẹgbẹ́ náà, lọ́dún 2015, ìtọrẹ ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́.

Ohun tí kóòtù wá ṣe kò gbe ẹni bíi Coleman. Lọ́dún 1991, Adájọ́ Kevin Duffy fi òfin Mósè lórí olè jíjà bẹ̀rẹ̀ ìdájọ́ tó dá Biz Markie, olórin rap, lẹ́bi nítorí orin Gilbert O'Sullivan tó gé. Ó tiẹ̀ ní kí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba wò ó bóyá ọ̀ràn ni. Lọ́dún 2005, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan sọ nípa ìṣẹ́jú àáyá méjì gìtá Funkadelic tí N.W.A. gé pé bó ti wù kó kéré tó, àfi kí wọ́n gbàṣẹ; òmíràn ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà kọ ẹ̀yìn sí èyí lọ́dún 2016. Láàárín gbogbo wàhálà yìí, “3 Feet High and Rising” tí De La Soul ṣe lọ́dún 1989 kò dé orí íntánẹ́ẹ̀tì fún títà títí di oṣù kẹta ọdún 2023. Olówó ń gé, tálákà ń yẹra.

Àbùjá tó kù tilẹ̀ burú fún onílù. Òfin kan náà sọ pé bí o bá jókòó tí o lu ohun tí onílù lu, tí o fara wé e pátápátá, ẹni tó ni àwo kò lè pè ọ́ lẹ́jọ́. Bẹ́ẹ̀, òfin kì í sábà ka bátànì ìlù sí orin kíkọ. Clyde Stubblefield tó lu “Funky Drummer” fún James Brown kò sí lára àwọn tó kọ orin lójú ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń ró nínú “Fight the Power” ti Public Enemy. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Irú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa: nígbà tí Mos Def mú “Fear Not for Man” ti Fela wọ inú àwo rẹ̀ lọ́dún 1999, ìlù Tony Allen ló gbé e ró, àmọ́ Fela ni ìwé mọ̀. Ọ̀rọ̀ owó wà lára ohun tó tú Allen àti Fela ká ní ìparí àwọn ọdún 1970.

Nítorí náà, mi ò sí lẹ́yìn àwọn tó ní kí gígé di ọ̀fẹ́, mi ò sì sí lẹ́yìn kóòtù 2005. Kí òfin ṣí gígé sílẹ̀ bó ṣe ṣí àkọtúnkọ: iye tó dájú, kò sí ìtọrọ àyè. Wọ́n á ní olórin lè má fẹ́ kí ohùn òun wà nínú orin ọ̀rọ̀ rírùn. Orin àkọtúnkọ náà kò bi í léèrè. Kí owó náà sì ní ìpín tó jẹ́ ti ẹni tó lu ohun èlò, kì í ṣe ti iléeṣẹ́ àti ẹni tó kọ̀wé nìkan. Kì í ṣe àlá. Nínú owó tí rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ń san lórí àwo ní Amẹ́ríkà, òfin ti ya ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń ta ohun èlò tí orúkọ wọn kì í sí lójú àwo, ó sì ń dé ọwọ́ wọn.