Ìtọ́jú Èjìká Láti Ayé Hippocrates Títí Dòní

Kò sí oríkèé lára ènìyàn tó ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún tó ti èjìká. Orí eegun apá tóbi, ihò tó fara tì kò sì jìn rárá. Bí ẹni gbé ọsàn lé ìdérí ìgò ni. Awọ àti iṣan ló so wọ́n pọ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé èjìká ló máa ń yẹ̀ jù nínú gbogbo oríkèé ńlá, tí ìtàn ìtọ́jú rẹ̀ sì fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nínú ibojì Ipuy ní ilẹ̀ Íjíbítì, tó ti tó nǹkan bí 3,200 ọdún, wọ́n ya àwòrán òṣìṣẹ́ kan tí ẹnì kejì di apá rẹ̀ mú. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé èjìká tó yẹ̀ ni onítọ̀hún ń dá padà. Ní ilẹ̀ Gíríìsì, ìwé Hippocrates ṣàlàyé bí a ṣe ń fi gìgísẹ̀ ti abíyá aláìsàn, tí a ó sì máa fa apá rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń yẹ̀ lemọ́lemọ́, irin gbígbóná ni wọ́n fi ń jó abíyá rẹ̀, kí àpá iná lè dí àyè tí eegun ń gbà jáde. Oró ńlá ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nídìí rẹ̀: bí a ó ṣe dí àyè yẹn náà ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ń wá títí dòní. Ní 1870, Theodor Kocher ti ìlú Bern ní Switzerland fi hàn pé kò dìgbà tí a bá fa apá tipátipá: ká ká ìgúnpá, ká yí apá síta, ká gbé e síwájú, ká wá yí i sínú.

Paris ni wọ́n ti fi oríkèé àtọwọ́dá sí èjìká ní 1893. Ẹni ọdún 37 tó ń ṣe búrẹ́dì ni aláìsàn náà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ti jẹ eegun èjìká rẹ̀, ó sì kọ̀ kí wọ́n gé apá òun. Jules-Émile Péan fi òpó platinum àti orí rọ́bà líle, tí oníṣègùn eyín kan ṣe, rọ́pò eegun náà. Ó ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún méjì kí àrùn tó padà, tí wọ́n sì yọ ọ́.

Ẹni tí mo kà sí ọ̀gá nínú ìtàn yìí ni Ernest Amory Codman ti Boston. Ní 1911 ó kọ̀wé nípa bí òun ṣe rán iṣan tó já nínú èjìká, èyí tó ń bá wa gbé apá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé e ga lójú mi ju ìyẹn lọ: ó ní kí ilé ìwòsàn máa tọpa aláìsàn kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìtọ́jú, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ara rẹ̀ yá tàbí kò yá, kí gbogbo ènìyàn sì rí i kà. Àwọn àgbà dókítà ìgbà náà kò fẹ́ gbọ́. Ó kúrò ní Massachusetts General Hospital, ó sì ń tẹ àbájáde iṣẹ́ ilé ìwòsàn tirẹ̀ jáde, títí kan àṣìṣe tó ṣe. Ìwé rẹ̀ lórí èjìká jáde ní 1934. Òun ló kọ́ aláìsàn láti tẹ̀ síwájú kí apá rẹ̀ máa fì lọ fì bọ̀, eré ìdárayá tí wọ́n ṣì ń kọ́ ènìyàn lónìí.

Ní London, Blundell Bankart kọ ọ́ ní 1923 pé etí ihò èjìká máa ń ya kúrò nígbà tí èjìká bá ń yẹ̀ lemọ́lemọ́, ó sì ń rán an mọ́ eegun padà. Ní 1954, Michel Latarjet ní Lyon gé kókó eegun kan, ó fi dènà síwájú ihò náà.

Charles Neer ní New York ló sọ oríkèé irin di ohun àmúlò láti 1955. Síbẹ̀, ẹni tí iṣan èjìká rẹ̀ ti já tán kò lè fi gbé apá sókè. Ní 1985, Paul Grammont ní Dijon dorí rẹ̀ kodò: ó gbé bọ́ọ̀lù sí ipò ihò, ó gbé ihò sí ipò bọ́ọ̀lù, kí iṣan ńlá tó bo èjìká lè máa dá gbé apá. Ọ̀pọ̀ arúgbó ló ń ya irun wọn fúnra wọn lónìí nítorí èrò yẹn.

Neer yìí kan náà ló sọ ní 1972 pé eegun orí èjìká ń ha iṣan abẹ́ rẹ̀, pé kí wọ́n gé díẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí kámẹ́rà tíntín dé, tí kò pọn dandan mọ́ láti la ara púpọ̀, iṣẹ́ abẹ yìí gbilẹ̀ gan-an. Ìwádìí CSAW wá jáde ní 2018 lórí aláìsàn 313 ní ilé ìwòsàn 32 ní UK. Àwọn tí wọ́n gé eegun fún kò sàn ju àwọn tí wọ́n kàn fi kámẹ́rà wo inú èjìká wọn lọ, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín wọn àti àwọn tí wọn kò ṣe nǹkan kan fún kéré débi pé aláìsàn kò lè mọ̀ ọ́n lára. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbabẹ kí ẹ̀rí yìí tó jáde. Ní ti èjìká tó gan, ìwádìí UK FROST ní 2020, lórí ènìyàn 503, fi fisiotẹ́rápì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ steroid wé kí wọ́n kun aláìsàn lóorun kí wọ́n fọwọ́ tú u, àti iṣẹ́ abẹ. Kò sí èyí tó borí pátápátá.

Nílẹ̀ wa, àwọn tó ń to eegun ti wà kí ilé ìwòsàn Igbobi tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1945, láti inú ibùdó àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. Ohun tí àwọn tó ń to eegun kò ní ni X-ray tí yóò fi hàn bóyá eegun ti ṣẹ́ kí wọ́n tó fà á. Èjìká tó bá sì yẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ ṣòro láti fọwọ́ dá padà. Abẹ ló sábà máa ń kàn. Bí ti ẹnì kan bá yẹ̀ nínú ilé yín, ẹ gbé e lọ síbi tí X-ray wà lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá sì jẹ́ ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, tí wọ́n ní kí ẹ wá gbabẹ, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà yín pé: àwọn tí ẹ ti ṣe é fún ṣáájú mi, báwo ni apá wọn ṣe rí lẹ́yìn ọdún kan?