Àlàfo Odò Delaware

Àlàfo Odò Delaware jẹ́ ibi tí odò Delaware ti la òkè Kittatinny já, ní ààlà ìpínlẹ̀ New Jersey àti ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òkè gbọọrọ yìí jẹ́ ara àwọn òkè Appalachia. Òkè Tammany, tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 465, wà ní ìhà New Jersey; Òkè Minsi, tí ó ga tó nǹkan bí mítà 445, sì kọjú sí i láti ìhà Pennsylvania. Odò ń ṣàn láàárín àwọn méjèèjì.

Bí àlàfo náà ṣe wáyé

Ní nǹkan bí 300 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ tí ó di Áfíríkà lónìí àti ilẹ̀ Àríwá Amẹ́ríkà kọlu ara wọn. Àpáta ká lé ara wọn, àwọn òkè Appalachia sì ga sókè. Láti ìgbà náà ni òjò àti ọ̀gbàrá ti ń jẹ wọ́n. Ibi tí àpáta kò ti le di àfonífojì. Ibi tí ó ti le, bí i ti Kittatinny, dúró gẹ́gẹ́ bí òkè.

Omi kì í gun òkè. Nítorí náà, àlàyé méjì ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń ṣe nípa irú àlàfo báyìí. Èkíní ni pé odò ti ń ṣàn lórí ilẹ̀ gíga tí ó bo àpáta líle náà mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ yìí ti ń jẹ lọ, odò kò yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ó ń gbẹ́ àpáta bí òkè ti ń yọ jáde. Èkejì ni pé odò kékeré kan jẹ òkè láti ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí àpáta ti sán, títí ó fi já sí ìhà kejì, tí ó sì fa omi ibẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí odò bá fi àlàfo rẹ̀ sílẹ̀, àlàfo gbígbẹ ni yóò kù. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀, Wind Gap, wà lára òkè yìí kan náà ní Pennsylvania.

Ìlò àti ìsédò tí a kò kọ́

Àwọn Lenape ni ó ń gbé àfonífojì yìí kí àwọn ará Yúróòpù tó dé. Lónìí, ọ̀nà márosẹ̀ Interstate 80 gba inú àlàfo náà kọjá.

Lẹ́yìn ìkún-omi ńlá ọdún 1955, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí kíkọ́ ìsédò sí Tocks Island, lápá òkè odò, ní ọdún 1962. Ìjọba gba ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé fi ilé àti oko wọn sílẹ̀, wọ́n sì wó ọ̀pọ̀ ilé. Ọdún 1965 ni wọ́n dá ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àtakò pọ̀ sí iṣẹ́ náà, a kò sì kọ́ ìsédò yìí rárá. Ní ọdún 1978, òfin fi apá odò yìí sí ara àwọn odò tí a gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó máa ṣàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpìlẹ̀ àwọn ilé tí wọ́n wó ṣì wà nínú igbó ibẹ̀.