Àbò Igi Òun Àkùrọ̀

Àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí ó gba ẹ̀mí tí ó ju 100 lọ ní Ìbàdàn mesí ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, agbára wo ni ó kù lọ́wọ́ onílé tí ó ti kọ́lé dí ọ̀nà omi? Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, mílíọ̀nù 200 dọ́là ni a sì yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé lẹ́yìn náà fún ètò àgbàrá ìlú náà.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé wá ń sọ pé igi, koríko bèbè odò àti ilẹ̀ tí ń mu omi a máa dín irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ kù. Orúkọ wo ni a ó fún ọ̀nà yìí tí àgbẹ̀ Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn àti akọ̀wé káńsù yóò fi jọ gbọ́ ọ? "Àbò àdáyébá" dùn létí, ṣùgbọ́n igi tí a fọwọ́ gbìn kì í ṣe àdáyébá. "Àbò igi òun àkùrọ̀" ni èmi fara mọ́.

Àkùrọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, owó sì ti wà nínú rẹ̀ láti ilẹ̀ wá: ibẹ̀ ni a ti ń rí ẹ̀fọ́ àti àgbàdo tútù ní ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí oko òkè bá ti gbẹ tí ọjà sì wọ́n. Ẹni tí ó bá pè é ní ilẹ̀ òfo kí ó tó da yanrìn dí i ti fi orúkọ náà gba ẹ̀tọ́ àkùrọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ìṣirò ìnáwó tí àbò yìí ń dín kù, a ó wo iye ilé, ọjà àti ọjọ́ iṣẹ́ tí àgbàrá ìbá bà jẹ́ bí a bá dí àkùrọ̀, a ó yọ iye tí ó ń bàjẹ́ nígbà tí àkùrọ̀ wà níbẹ̀ kúrò. Ohun tí ó ṣẹ́ kù ni mo pè ní "òfò tí kò ṣe wá". N kò pè é ní èrè, nítorí èrè a máa wọ ọwọ́.

Àbò ni mo sì lò, n kò lo ojútùú, nítorí ilẹ̀ tí ó ti mu omi yó kò lè gba òmíràn mọ́. Gọ́tà oníkọnkéré ni yóò gbé ìyókù, a sì gbọ́dọ̀ ṣírò owó àwọn méjèèjì pọ̀ nínú ìwé kan náà.